Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ fún Olóòtú

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Orí òwe yìí ni iṣẹ́ akọ̀ròyìn tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kankan dúró lé. Kó tó kọ ìròyìn àkànṣe rẹ̀, àbá ló máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí olóòtú, ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí kò kún ojú ìwé kan. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé àbọ̀ tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ, a ó wá fi àbọ̀ tó jẹ́ tiwa pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù olè.

Ẹ jẹ́ ká mú Igbó-Ọrà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá kọ̀wé pé ẹ fẹ́ ròyìn ìlú tí wọ́n ti ń bí ìbejì lọ́pọ̀ yanturu, olóòtú ò ní í kà á dé ìsàlẹ̀. Kó tó di ọdún 1970 ni oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Nylander ti tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà náà, oníròyìn ilé àti ti òkèèrè ti ya ibẹ̀ bo: wọ́n ya fọ́tò àwọn ọmọ nínú aṣọ kan náà, wọ́n béèrè nípa ọbẹ̀ ìlasa àti iṣu, wọ́n padà sílé.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ta ló ń san owó iléèwé ọmọ méjì lọ́jọ́ kan náà, nígbà tó jẹ́ gàrí ni ìyá wọn ń tà? Kí ni agbẹ̀bí ń ṣe bí Kẹ́hìndé bá fi ẹsẹ̀ ṣíwájú lóru, tí iná ò sí? Ǹjẹ́ ìyá ìbejì ṣì ń jó yí ọjà ká gba owó, àbí àpò àwọn èèyàn ti gbẹ? (Èmi ì bá ra ìwé ìròyìn tó bá dáhùn ìyẹn.) Ìbéèrè tó ní èèyàn nínú, tó sì ní ìnira nínú, tí ẹnikẹ́ni ò tíì lọ wá ìdáhùn rẹ̀, òun ni olóòtú ń wá.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ wo ohun tí ìwé ìròyìn tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí ti gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ sì mọ orúkọ olóòtú tó ń mójú tó ìròyìn àkànṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èèyàn bẹ̀rẹ̀ àbá yín. Ká ní agbẹ̀bí kan ti gbà kí ẹ bá òun ṣiṣẹ́ mọ́jú, ìlà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ àti àwọn mìíràn tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ìdí tó fi jẹ́ àsìkò yìí: wọ́n ń ṣe ọdún ìbejì nílùú náà ní oṣù Kẹwàá, nítorí náà àbá tó bá dé ọwọ́ olóòtú ní oṣù Kẹwàá ti pẹ́.

Ìbẹ̀rù olè ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé ò sì lè gbà yín, nítorí ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ló ń dáàbò bò, kì í ṣe èrò ọkàn. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí tó fọkàn tán yín kò ṣeé jí. Bó bá hàn nínú àbá yín pé ẹ̀yin nìkan ló gbà láàyè, ó rọ olóòtú lọ́rùn láti gbé iṣẹ́ fún yín ju kó rán ẹlòmíràn lọ. Orúkọ agbẹ̀bí náà àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi pamọ́.

Bí olóòtú bá ti gbà, ọ̀rọ̀ owó dé, ibẹ̀ sì lojú ti máa ń ti ọ̀pọ̀ wa. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ béèrè iye tí wọ́n máa san àti iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́. Ṣé bí ẹ bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ni wọ́n máa sanwó, àbí ìgbà tó bá jáde? Oṣù mélòó kan lè wà láàárín méjèèjì. Ta ló máa san owó ọkọ̀ àti ibùsùn? Bí wọ́n bá sì yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ẹ ti kọ ọ́ tán, èló ni tiyín? Àwọn ìwé ìròyìn kan máa ń san apá kan nínú owó náà. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ímeèlì. Olóòtú tó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, owó rẹ̀ ò ní í tètè jáde.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá lẹ́yìn tí ẹ ti fi àbá ránṣẹ́, tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ ìlà méjì láti rán olóòtú létí. Bó bá tún dákẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹ ń gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ má fún olóòtú méjì ní àbá kan náà nígbà kan náà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá gbà á, ẹnu yín ò ní í gba àlàyé.

Bí ẹ bá sì ń gbé àbá lọ síbòmíràn, ẹ má gbé e lọ bó ṣe wà. Ìwé ìròyìn ìlú òyìnbó á fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé ìdí tí Kẹ́hìndé fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Bó bá jẹ́ ìwé ìròyìn Aláròyé lẹ ń kọ̀wé sí, ẹ yọ ìyẹn kúrò. Àwọn tó ń kà á ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Iye tí agbẹ̀bí ń gbà ni kí ẹ fi sípò rẹ̀, àti bóyá owó ọmọ kan ló ń gbà lórí ìbejì tàbí ti méjì.