Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ìdákẹ́jẹ́ Ìrè

A júbà Olódùmarè. A júbà àwọn bàbá àti ìyá tó lọ ṣáájú. A júbà Ògún, olú irin.

Ẹ̀kọ́ òní le díẹ̀. Ó dá lórí ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tó wá ṣe ará ilé rẹ̀ léṣe. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìlú tí a wà, kò sì yọ ilé olórìṣà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A Ó KỌ́

Ìdààmú ọkàn: ìgbà tí ìrònú kò jẹ́ kéèyàn sùn, tí kò jẹ́ kó jẹun.
Wèrè: àìsàn ọpọlọ tó le. Àìsàn ni, kì í ṣe èébú.
Ìwà ipá: kéèyàn fi agbára tàbí ohun ìjà pa ẹlòmíràn lára.
Awo: ohun ìsìn tí a kì í sọ fún ẹni tí kò sí nínú rẹ̀.

ÌTÀN ÒGÚN NÍ ÌRÈ

Ìrè wà ní ilẹ̀ Èkìtì. Àwọn àgbà sọ pé Ògún fi ọmọ rẹ̀ jọba níbẹ̀, ó sì padà sójú ogun. Ọdún púpọ̀ kọjá kó tó wá sílé. Ebi ń pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ogun ṣì wà lójú rẹ̀.

Ọjọ́ tó dé, àwọn ará ìlú ń ṣe ètùtù kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ògún kí wọn, wọn ò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu, ó ṣófo. Ó rò pé ẹ̀gàn ni wọ́n ń fi òun ṣe. Ó fa idà yọ, ó ń bẹ́ wọn lórí, àwọn èèyàn òun gan-an.

Nígbà tí àkókò ìdákẹ́jẹ́ parí, ọmọ rẹ̀ gbé oúnjẹ àti ẹmu wá, ó ṣàlàyé fún un. Ojú Ògún wá là. Ó rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó fi ṣónṣó idà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ.

A ò sọ pé Ògún ya wèrè o. Òrìṣà ni, a sì ń bọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò fi ìtàn yìí pa mọ́, nítorí ó fi hàn wá pé ogun lè tẹ̀ lé èèyàn wọlé. Ní 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi àìsàn tí irú ìpayà bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀ lọ́kàn sínú ìwé wọn, wọ́n pè é ní PTSD. Ìrè ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

ÌTÀN KEJÌ, LÁTI KÚBÀ

Àwọn àgbà wa ní Kúbà ń sọ òmíràn. Wọ́n ní Ògún ń hùwà àìtọ́ sí ìyá rẹ̀ nínú ilé. Ó fún ẹ̀ṣọ́ ilé ní àgbàdo kó lè sùn. Ó lé Ẹ̀ṣù Ẹlẹ́gbára, tó kéré jù nínú ilé, síta, ó sì fi ebi pa á. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré yẹn ló sọ fún Ọbàtálá bàbá wọn. Bàbá ṣe bí ẹni pé òun jáde, ó fara pa mọ́, ó rí i fúnra rẹ̀. Kí bàbá tó fi Ògún bú, Ògún ti fi ara rẹ̀ bú: pé òun á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, láìsinmi.

Ẹ wo ìtàn méjèèjì papọ̀. Ní Ìrè, gbogbo èèyàn dákẹ́. Ní Kúbà, ẹnì kan sọ̀rọ̀, ọmọdé sì ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní, awo kì í ṣe aṣọ tí a fi ń bo ìwà ipá. Bí bàbá, ọkọ, tàbí bàbálórìṣà pàápàá bá ń lu èèyàn nílé, ìyẹn kì í ṣe awo. Ẹ sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ kò da ilé.

Èkejì, ẹ má ṣe bẹ̀rù gbogbo alárùn ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń lu ìyàwó sì wà tí ọpọlọ wọn dá ṣáṣá. Àìsàn lè jẹ́ ká mọ ìdí, ṣùgbọ́n kò sọ ìlù di ohun tó dára.

Ẹ̀kẹta, òrìṣà máa ń gun èèyàn lásìkò rẹ̀, á sì lọ. Bí ọkùnrin bá ní òrìṣà ń bá òun sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru, pé kóun pa ìyàwó tàbí ọmọ, òrìṣà kọ́ nìyẹn. Àìsàn ni, ó sì ti di kíákíá.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀

Kì í sùn mọ́. Ọtí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó ní ìyàwó òun fi májèlé sóúnjẹ, tàbí pé ìyá òun ni àjẹ́ tó ń lépa òun. Ó ń ṣọ́ ìyàwó, kò jẹ́ kó rí ẹbí rẹ̀. Ó ń wá ìbọn. Ó ní òun á pa ara òun, òun á sì kó àwọn ọmọ dání. Bí ẹ bá gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ má dúró de ọ̀la.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Ẹ kọ́kọ́ gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ kúrò. A ò ní kí obìnrin dúró kó máa fara dà á nítorí a ń ṣètò ẹbọ lọ́wọ́. Bí kò bá séwu fún yín, ẹ kó irin kúrò nílé: ìbọn, àdá, ọ̀bẹ, títí kan èyí tó wà lójúbọ Ògún. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Bí ewu bá ti dé, ẹ pe 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 999 ní Gẹ̀ẹ́sì, 190 ní Bràsíìlì. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, 988 wà ní Amẹ́ríkà láti 2022, ní Kánádà láti 2023. 116 123 wà ní Gẹ̀ẹ́sì, 188 ní Bràsíìlì. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ há nọ́ńbà ìlú yín sórí bí ẹ ṣe ń há orúkọ odù sórí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọkùnrin náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ lè dífá, ẹ lè bọ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbọ kò gba ipò oògùn. Ẹ má fún un ní àgbo asofẹ́yẹjẹ fúnra yín: àwọn oníṣègùn ń lò ó fún wèrè lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì lè mú ìbànújẹ́ ọkàn pọ̀ sí i.

Ọ̀nà méjèèjì lè rìn pọ̀. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ẹbí kan wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fi aláìsàn sílẹ̀ lóun nìkan, kò sì sẹ́ni tó dákẹ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí àwọn ará Ìrè kò dá Ògún lóhùn?
2. Ta ló sọ̀rọ̀ nínú ìtàn Kúbà?
3. Dárúkọ àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ̀ pé ọkàn èèyàn ń dàrú.
4. Ta ni àgbà tí ìwọ lè sọ fún, nínú ilé òrìṣà àti níta?

Kí Orí wa má dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Kí irin Ògún máa la ọ̀nà fún wa, kó má pa ará ilé. Àṣẹ.