Ológbò Ń Lóṣòó, Ìtọ̀ Kò Jáde

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan n'Ìbàdàn ní láti àná ni akọ ológbò òun ti ń lóṣòó léraléra, tó ń ké, tí ìtọ̀ kò sì ju ẹ̀kán kan lọ. Ṣé kí òun dúró dọ̀la?

Ìdáhùn: Kó má dúró rárá.

Ojú ọ̀nà ìtọ̀ akọ ológbò tín-ín-rín gan-an. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ikun tó dì lè dí i pa. Ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín dà nù yóò wá máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹranko náà sì lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ń rò pé ìgbẹ́ ló há, nítorí pé bákan náà ni ìlóṣòó méjèèjì rí.

Kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lónìí. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko. Kó má tẹ̀ ẹ́ níkùn, kó má sì fún un ní parasitámọ́ọ̀lù, torí pé májèlé ni fún ológbò.

Ti ológbò àgbà tó ń tọ̀ jù, tó sì ń mumi ṣáá, yàtọ̀: àìsàn kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ ni dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Ìyẹn náà nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.