Ẹ Wo Lẹ́tà Ara Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Yín Kí Ẹ Tó Dá Ọjọ́ Orí Lẹ́bi

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó jẹ́ pé ìfẹ̀yìntì ló fún yín láyè láti kọ́ gọ́ọ̀fù, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí ẹ bá ti pápá dé tí igbọ̀nwọ́ ń ro yín, tí ẹ̀yìn kò jẹ́ kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má sáré sọ pé ogbó ti dé. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pá tí ẹ ń fì kò bá agbára yín mu.

Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń rà, tàbí kí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́. Ó ń dán, owó rẹ̀ kò sì ga. Ṣùgbọ́n ta ló ni ín tẹ́lẹ̀? Ó lè jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí apá rẹ̀ le koko. Ẹ yẹ ara ọ̀pá náà wò, ẹ ó rí lẹ́tà kan níbẹ̀. L ló rọ̀ jù, A tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà R, lẹ́yìn rẹ̀ S, X ló sì le jù. Bí orí driver yín bá ń sáré tó máìlì 85 sí 95 ní wákàtí kan, R ló sábà ń bá yín mu. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lè wo S. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀, A tàbí L ni tirẹ̀. Àmọ́ kò sí òfin kan tó de gbogbo iléeṣẹ́: R ti ibì kan lè le tó S ti ibòmíràn.

Líle ọ̀pá nìkan kọ́ ló ń ṣeni léṣe, ohun tí a ń ṣe nítorí rẹ̀ ni. Ọ̀pá tó le ju agbára ẹni lọ kì í tẹ̀ tó. Bọ́ọ̀lù kò ní gòkè dáadáa, á sì máa yà sọ́tùn-ún fún ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá. Kí la ó wá ṣe? A ó dì í mú gírígírí, a ó fi gbogbo ìbàdí yí, a ó fi èjìká wọ́ ọ. Ẹ̀yìn ló ń jìyà rẹ̀. Bó bá tún jẹ́ ọ̀pá irin, tí ara rẹ̀ nìkan, láìka orí rẹ̀, sábà ń wúwo tó gíráàmù 90 sí 130, gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbá ilẹ̀ gbígbẹ ìgbà ọyẹ́ dípò bọ́ọ̀lù ni gbígbọ̀n rẹ̀ ń wọ igbọ̀nwọ́ lọ. Ọ̀pá gíráfáìtì fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó sì ń dín gbígbọ̀n náà kù. Ọ̀pá tó rọ̀ jù náà ní àléébù tirẹ̀, torí bọ́ọ̀lù á máa yà sósì, ṣùgbọ́n kì í sábà da ara láàmú tó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin wa kì í fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rí A lára ọ̀pá wọn. Ẹ fọkàn balẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí ni wọ́n ń wò.

Kí ẹ tó náwó, ẹ yá ọ̀pá tó rọ̀ ju tiyín lọ lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ fi gbá bíi ogún bọ́ọ̀lù ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ wo bí ara ṣe rí lọ́jọ́ kejì. Ẹ má gé ọ̀pá ọkọ kúrú fún ìyàwó, nítorí gígé ń mú kó túbọ̀ le ni. Ẹ má sì lo oògùn apàrora kí ẹ tó wọ pápá. Ó ń bo ìrora mọ́lẹ̀ nígbà tí ọgbẹ́ ń pọ̀ sí i, bó bá sì di àṣà, ó lè ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́.

Bí ìrora bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ìka ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, ẹ lọ rí dókítà. Èyí tó bá sì mú àyà, tó gba apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bo yín, ẹ má fi ọ̀pá ṣe àwáwí. Ẹ sọ ọ̀pá sílẹ̀, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.