Owó Ìwádìí Àtọ̀gbẹ Ọmọdé: Sàká Ni Tàbí Sàárà?

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ṣé a lè fi owó sàká wá oògùn àtọ̀gbẹ irú kìn-ín-ní? Ìsọ̀rí ènìyàn 8 ni Súúrátù Taobah (9:60) pín sàká fún. Ọmọ aláìní tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì lójoojúmọ́ wà nínú wọn, kò sì lè dúró de ìwádìí: láìsí abẹ́rẹ́ náà, kò lè yè. Lójú tiwa, sàárà járíyà ló yẹ ìwádìí.

Owó náà kì í ṣòfò o. Ẹgbẹ́ JDRF, tí àwọn òbí dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1970, ṣètìlẹ́yìn fún ìwádìí teplizumab, oògùn tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ní 2022. Kò wo àrùn sàn. Ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ń bọ̀ lọ́nà ni wọ́n ń fún, ó sì ń dá a dúró fún bí ọdún 2. Ọdún 2 láìgba abẹ́rẹ́ kì í ṣe kékeré fún ọmọ ọdún 8.