Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: ÀDÚRÀ FÚN ẸNI TÍ A KÒ LÈ DÉ Ọ̀DỌ̀ RẸ̀

Kíkà: Lúùkù 18:1–8; Jòhánù 4:46–53; Jẹ́nẹ́sísì 21:14–19

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú kíláàsì yìí: "Bí mo bá ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, ṣé kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni kí n tún padà lọ sọ ohun kan náà?" Jésù ti dáhùn. Ó pa òwe opó kan tí kò yé lọ bá adájọ́ burúkú, títí adájọ́ náà fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Lúùkù sọ ìdí tí Jésù fi pa òwe náà: kí bíbẹ Ọlọ́run má baà sú wa. Ẹni tí kò retí ohunkóhun lọ́dọ̀ adájọ́ kò ní padà sí kóòtù. Nítorí náà, pípadà lọ kì í ṣe àìnígbàgbọ́ rárá.

Lónìí, a fẹ́ wo bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹni tí à ń gbàdúrà fún bá ń ṣàìsàn níbi tí ẹsẹ̀ wa kò lè dé. Ẹ jẹ́ ká fi Sáúdí Arébíà ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà láti ilẹ̀ wa ló ti lọ ṣiṣẹ́ ní Jẹ́dà àti àwọn ìlú míì níbẹ̀. Kò sí ilé ìjọsìn Kristẹni kankan ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ọjọ́ iṣẹ́ ni Sunday. Friday àti Saturday ni wọ́n fi ń sinmi láti ọdún 2013. Kò sí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí àìsùn tí a ó ti pàtẹ́wọ́ tí gbogbo àdúgbò yóò gbọ́. Nínú yàrá ni Kristẹni ti ń gbàdúrà, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé ariwo ìjọ ló ń gbé àdúrà rẹ̀ dúró, ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀.

Láti Jẹ́dà sí Mẹ́kà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 80 lọ, bí ẹni ń ti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta ni. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ náà ni pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ wọ Mẹ́kà. Àkọlé wà lójú títì tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá sì ń yẹ ìwé wò. Ká bọ̀wọ̀ fún òfin onílé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìgbàgbọ́ ló ní kí òun yọ́ wọlé.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí agbo ilé Yorùbá tí kò ní Mùsùlùmí àti Kristẹni nínú. Nítorí náà, ẹ fi ojú inú wo nọ́ọ̀sì kan, Kristẹni, ọmọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Jẹ́dà. Mùsùlùmí ni ìyá rẹ̀, Hájì ló sì gbé wọn wá. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Jẹ́dà, ní apá tí wọ́n ṣí fún àwọn onírìn-àjò Hájì ní 1981, bọ́ọ̀sì sì gbé wọn lọ sí Mẹ́kà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, fóònù dún: ooru ti mú Màmá, wọ́n ti dákú, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni ooru ibẹ̀ o. Nígbà Hájì ọdún 2024, ó lé ní àádọ́ta lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìjọba Sáúdí sì kéde pé èèyàn 1,301 ló kú.

Ọmọ yìí mọ iṣẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa omi sí ẹni tí ooru mú lára. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ìyá ọlọ́ìyá. Ìyá tirẹ̀ wá wà ní ìrìn wákàtí kan péré, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Irú ipò yìí ni ìjòyè inú Jòhánù orí 4 wà. Ọmọ rẹ̀ ń kú lọ ní Kápánáúmù, òun sì wà ní Kánà, ó ń bẹ Jésù pé kí ó bá òun kálọ. Jésù kò bá a lọ. Ó kàn fi dá a lójú pé ọmọ náà yóò yè, kí ó máa lọ sílé. Ọjọ́ kejì ni àwọn ìránṣẹ́ pàdé rẹ̀ lọ́nà pé ara ọmọ ti yá. Èmi fẹ́ràn alẹ́ tó wà láàárín yẹn ju òpin ìtàn náà lọ. Ara ọmọ ti yá, bàbá kò sì tíì mọ̀. Kò rí àmì kankan lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ó ń rìn lọ. Bí alẹ́ nọ́ọ̀sì wa náà yóò ṣe rí nìyẹn.

Kí ni yóò wá ṣe? Yóò gbàdúrà, yóò tún pe fóònù. Yóò bẹ àwọn obìnrin tí wọ́n jọ wà ní yàrá pẹ̀lú Màmá pé kí wọ́n bá òun wo wọn. Ọlọ́run lè fi ọwọ́ Mùsùlùmí tó ń bu omi fún ìyá rẹ̀ dáhùn àdúrà Kristẹni. Kí ó má sì fi àìsàn ìyá rẹ̀ ṣe àkókò àríyànjiyàn ẹ̀sìn. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò ní agbára ìjà.

Ẹ tún wo ìtàn Hágárì nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 21. Omi tán nínú ìgò rẹ̀ ní aginjù, ó gbé ọmọ sábẹ́ igi, ó sì lọ jókòó lókèèrè kí ó má baà rí ikú ọmọ náà. Ọlọ́run gbọ́ ohùn ọmọ, ìyá sì rí kànga. Àwọn Mùsùlùmí gbà pé Mẹ́kà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onírìn-àjò fi máa ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́ẹ̀méje láàárín Safa àti Marwa, ní ìrántí ìyá tó ń wá omi fún ọmọ. Màmá tó dùbúlẹ̀ yìí mọ ìtàn náà. Ọmọ wọn ní Jẹ́dà náà mọ̀ ọ́n. Èyí nìkan tó ohun tí wọ́n lè jọ sọ lórí fóònù lóru ọjọ́ yẹn.

Àdúrà míì wà tí kì í ṣe ti òru kan. Monica, ìyá Augustine, ọmọ Áfíríkà ni, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria báyìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń sunkún àdúrà nítorí ọmọ rẹ̀ tó ti ṣáko lọ. Lóru ọjọ́ kan ní Carthage, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ náà má wọkọ̀ lọ sí Róòmù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Augustine ti tan ìyá rẹ̀ jẹ, ó ti lọ. Ẹ ò rí i pé ohun tó béèrè lóru yẹn kò bọ́ sí i? Ṣùgbọ́n Ítálì tó sá lọ gan-an ni ó ti yí padà, wọ́n sì ṣèrìbọmi fún un ní Milan nígbà Àjíǹde ọdún 387. Lọ́dún yẹn kan náà ni ibà dá Monica dúbúlẹ̀ ní Ostia, níbi tó jìnnà sílé. Tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ́ kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun. Nígbà tí àìsàn le, ó ní ibi tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n sin òun sí, kí wọ́n ṣáà máa rántí òun nínú àdúrà. Ó kú nígbà tó wà ní ọdún kẹrìndínlọ́gọ́ta ọjọ́ orí rẹ̀.

Bí àìsàn bá mú ìwọ alára ní ilẹ̀ àjèjì ńkọ́? Jákọ́bù ní kí aláìsàn pe àwọn alàgbà ìjọ. Níbi tí kò bá sí alàgbà, onígbàgbọ́ kan tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tó. Má fi oògùn sílẹ̀. Hesekáyà gbàdúrà pẹ̀lú omijé, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀, Aísáyà ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo náà. A ò sì ní purọ́ fún yín: Dáfídì gbààwẹ̀ ọjọ́ méje fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà kú. Ó dìde, ó wẹ̀, ó lọ sí ilé Ọlọ́run kó tó jẹun.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí òbí níbẹ̀: wákàtí méjì ni Jẹ́dà fi ṣíwájú wa ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá kúnlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, aago mọ́kànlá ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí aago kan. Kó má gùn jù. Àdúrà ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́ sàn ju àìsùn kan tí ẹ kò tún ní ṣe mọ́.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìjòyè náà mọ̀ nígbà tó kúrò ní Kánà, kí sì ni kò tíì mọ̀?
2. Kí ni Monica béèrè ní Carthage, kí ló sì rí gbà?
3. Ta ni nínú ìdílé rẹ tí o ti dẹ́kun àti máa gbàdúrà fún? Kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé rẹ. Kò pọn dandan kí o fi han olùkọ́.