Láti Inú Ọkọ̀ dé Orí Ààrò: Ìtọ́jú Ẹja ní Èbúté

Bí a bá bi apẹja léèrè pé níbo ni owó rẹ̀ ti ń ṣòfò jù lọ, òkun ni yóò dárúkọ: ìjì, àwọ̀n tí ó ya, ẹ̀rọ ọkọ̀ tí ó dákẹ́, epo tí ó wọ́n. Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n àdánù kan wà tí kì í ṣẹlẹ̀ lójú òkun rárá. Ní èbúté ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, ní ojúmọmọ, láàrin ìgbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ àti ìgbà tí ẹja dé orí ààrò. Àdánù yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ó wà ní ìkáwọ́ ẹ̀yin apẹja àti ẹ̀yin ìyá wa tí ń yan ẹja láti dín in kù.

Ẹ jẹ́ kí a fi etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, àti ní àwọn abúlé tí ó wà ní agbègbè rẹ̀, ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ létí òkun, kì í ṣe iyanrìn bí ti Badagry. Orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé dúró lé, orí afárá pákó ni a sì ń gbà láti ilé dé ilé. Òkun ti gba ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ pẹ̀lú. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, èbúté ti jí. Àwọn kan ń ti ọkọ̀ sómi, àwọn tí ó sun ojú òkun mọ́jú sì ń wọlé bọ̀. Àwọn ọmọdé ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, àwọn àgbà jókòó ti àwọ̀n tí ó ya, wọ́n ń tún un dì. Àwọn obìnrin ti dúró pẹ̀lú agbọ̀n àti ọpọ́n. Obìnrin tí ó bá yá apẹja lówó epo tàbí owó àwọ̀n ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ gba ẹja rẹ̀; nítorí náà gbèsè àwọn méjèèjì so mọ́ ara wọn. Bí ẹja bá bàjẹ́, a kò lè sọ pé ti ẹnì kan ṣoṣo ni ó bàjẹ́.

Irú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa ń gbọ́ níbẹ̀ láràárọ̀ nìyí:

“Ìyá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ wò ó bí ẹja òní ti ń dán.”

“Ẹ kú ewu omi o, ọmọ mi. Òkè rẹ̀ ń dán lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́?”

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni ìyá yìí béèrè. Ẹja tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ó ti pẹ́ jù nínú ọkọ̀. Ó ti wà nínú omi ìdọ̀tí tí ó dàpọ̀ mọ́ epo ẹ̀rọ, ẹrù àwọn tí ó wà lórí rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́, àwọn atukọ̀ sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí a bá ra agbọ̀n 10, tí 2 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí kò dára mọ́, owó agbọ̀n 10 ni a ó san, ṣùgbọ́n owó 8 ni a ó rí pa. Èrè gbogbo ọjọ́ náà lè wà nínú méjì tí ó bàjẹ́ yẹn.

Ohun tí ń ba ẹja jẹ́ kò ṣòro láti lóye. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gbé ní ara ẹja, nínú ìfun rẹ̀, àti nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbi tí ó fi ń mí. Nígbà tí ẹja wà láàyè, wọn kò lè wọ inú ẹran ara rẹ̀. Bí ó bá ti kú, kò sí ohun tí ó tún dá wọn dúró àfi òtútù, iná, iyọ̀ tàbí gbígbẹ. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, níbi tí ooru ọ̀sán máa ń tó 30°C, ọ̀pọ̀ ẹja kì í lò ju wákàtí 12 lọ kí ó tó bàjẹ́. Kí ẹ sì kíyèsí i pé a kò ka wákàtí náà láti ìgbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Láti ìgbà tí ẹja ti kú sínú àwọ̀n ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹja tí ó há sínú àwọ̀n lóru, tí a kó wálé ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, tí a sì ná títí di ọ̀sán nínú oòrùn, ó ti ná ọjọ́ ayé rẹ̀ tán kí ó tó kan iná.

Nítorí náà, inú ọkọ̀ ni kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ pákó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí omi ìdọ̀tí lè máa ṣàn lábẹ́ ẹja. Ẹ fi àpò tí a rì sínú omi òkun bò ó, kí ẹ sì máa tún un rì bí ó bá ti ń gbẹ. Ní èbúté, abẹ́ ibòji tí a fi ìmọ̀ ọ̀pẹ ṣe ni kí ìdúnàádúrà ti wáyé. Omi tí ó wà lábẹ́ afárá, níbi tí a ń da ìdọ̀tí ilé sí, kò yẹ fún fífọ ẹja. Omi tí a pọn láti ojú òkun sàn jù ú lọ púpọ̀.

Ní ti yìnyín, ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń fúnni ní ilẹ̀ olóoru ni kílò yìnyín 1 sí kílò ẹja 1. A mọ̀ pé owó gọbọi ni èyí níbi tí yìnyín ti ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní èrò tiwa, kò pọn dandan láti ná irú owó bẹ́ẹ̀ lé ṣáwá tí a fẹ́ yan lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n àpọ̀ àti kúta tí a fẹ́ tà ní tútù yóò san owó yìnyín padà. Ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́, ẹ tò ó ní ìpele ní ìpele pẹ̀lú ẹja, kí ẹ sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ àpótí kí omi rẹ̀ lè máa jáde.

Kí ẹja tó dé orí ààrò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ó dára, ojú rẹ̀ yọ, ó sì mọ́. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa. Bí a bá fi ìka tẹ ara rẹ̀, yóò tún wú padà. Èyí tí ojú rẹ̀ ti jìn, tí ojú ìka kò sì kúrò lára rẹ̀, kí a má ṣe tàn ara wa jẹ pé èéfín yóò tún un ṣe. Yóò fọ́ sínú agbọ̀n ni, yóò sì ba orúkọ ẹni tí ó tà á jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń fi àgbá irin tàbí ààrò amọ̀ roboto yan ẹja. Irú ààrò bẹ́ẹ̀ kì í gba ẹja púpọ̀, ó ń jẹ igi, èéfín rẹ̀ sì ń ba ojú jẹ́. Ní Chorkor, abúlé apẹja kan ní ẹ̀gbẹ́ Accra ní ilẹ̀ Gánà, àwọn obìnrin ayanja àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ jùmọ̀ ṣe irú mìíràn láàrin ọdún 1969 sí 1971. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Ògiri kan là á sí méjì láàrin, ẹnu méjì tí a ń ki igi bọ̀ sì wà níwájú. Amọ̀ tàbí bíríkì ni a fi ń mọ ọ́n. Àtẹ onípákó tí a na wáyà sí nísàlẹ̀ ni a ń tò lé ara wọn lórí rẹ̀, wọ́n sì lè tó 15. Àṣírí rẹ̀ ni pé igi etí àtẹ gbọ́dọ̀ jókòó déédéé sórí ògiri, kí iná má bà á jó o, kí èéfín má sì rí àyè sá jáde. Ní ilẹ̀ ẹrẹ̀ bí ti Ìlàjẹ, ẹ kọ́kọ́ fi pákó ṣe àyíká, kí ẹ kó amọ̀ líle sínú rẹ̀, kí ẹ gún un dáadáa, kí ẹ tó mọ ààrò lé e.

Iná díẹ̀ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ títí ara ẹja yóò fi gan; lẹ́yìn náà kí a fi kún un kí ẹja jinná; nígbẹ̀yìn kí a dín in kù kí èéfín máa fà á gbẹ. Kí a máa pààrọ̀ àtẹ, kí ti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè, kí ti òkè bọ́ sísàlẹ̀. Ẹja tí a fẹ́ jẹ láàrin ọjọ́ méjì lè lo wákàtí 1 tàbí 2. Èyí tí yóò rìn jìnnà lè lo wákàtí 10 sí 18, bí títóbi rẹ̀ bá ti rí. Igi líle tí ó gbẹ ni kí a lò. Igi ẹ̀gbà dára fún iná, ṣùgbọ́n abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí títí wọn yóò fi dàgbà, nítorí náà ẹ má ṣe gé e mọ́lẹ̀ tán. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí táyà dá iná.

Ẹja gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí a tó dì í. Ẹ fi bébà tí ó mọ́ tẹ́ inú agbọ̀n, kí ẹ sì bo orí rẹ̀. A gbọ́ pé àwọn kan ń fi oògùn apakòkòrò wọ́n ẹja gbígbẹ kí kòkòrò má bà á jẹ ẹ́. Májèlé ni, ẹni tí ó ra ẹja ni yóò jẹ ẹ́. Iná ni oògùn kòkòrò ẹja. Bí òjò bá sì pa ẹrù lójú ọ̀nà Ìgbòkòdá sí Òkìtìpupa, ẹ má ṣe jẹ́ kí agbọ̀n sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú: ẹ tú u ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sì dá ẹja padà sórí èéfín kí ó tó bu.