Ọ̀bẹ Tó Tún Ń Jẹ́ Iṣẹ́: Trípsìn àti Ìrora Inú

Gbogbo àwa tí a ń ṣe Báyọ́lọ́jì la ti kọ ọ́ sí nótì pé trípsìn ni ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì sí wẹ́wẹ́ nínú ìfun kékeré. Bí WAEC bá béèrè, ìdáhùn yẹn á gba máàkì. Àmọ́ iṣẹ́ trípsìn ò tán síbẹ̀. Ó tún ń jẹ́ iṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì. Apá kejì yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí òun ló jẹ́ ká mọ ìdí tí àwọn àìsàn inú kan fi máa ń dunni tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀bẹ ti ń wá. Ẹ̀yìn àpòlúkù ni pánkíríásì wà. Òun ló ń ṣe trípsìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe é ní mímú. Trípsínójìn ló máa ń ṣe, ìyẹn ọ̀bẹ tó ṣì wà nínú àkọ̀. Ìgbà tó bá dé ìfun kékeré ni ẹ́ńsáìmù mìíràn, enterokinase, á fà á yọ. Pánkíríásì tún ní ẹ̀ṣọ́ kan, SPINK1, tó máa ń di trípsìn tó bá ṣèèṣì jí níbẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ti pánkíríásì yàtọ̀. Bí òkúta inú àpò òróòro bá dí ojú ọ̀nà tí omi rẹ̀ ń gbà, tàbí bí ọtí líle bá ba àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́, trípsìn lè jí sínú pánkíríásì gan-an, kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé tó bí i. Pancreatitis ni wọ́n ń pe àìsàn yìí. Hans Chiari ti sọ ọ́ láti ọdún 1896 pé ńṣe ni pánkíríásì ń jẹ ara rẹ̀. Ní 1996, àwọn onímọ̀ rí àyípadà nínú jíìnì trípsìn láàárín àwọn ìdílé tí àìsàn náà ń bá jà láti ìran dé ìran.

Iṣẹ́ jíjẹ́ wá ńkọ́? Lára sẹ́ẹ̀lì ni àwọn rìsẹ́pítọ̀ wà. Àwọn ló ń gba iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ wọn dà bí àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń ti ìta wá. Àwọn mẹ́rin kan wà, PAR1 sí PAR4, tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ tiwọn sára. Ẹ rò ó bí àgádágodo tí wọ́n fi okùn so kọ́kọ́rọ́ mọ́, tí wọ́n sì fi ọ̀rá wé kọ́kọ́rọ́ náà pinpin. Kò lè ṣí àfi bí ọ̀bẹ bá gé ọ̀rá yẹn kúrò. Bó bá ti gé e, kọ́kọ́rọ́ á yí padà wọnú àgádágodo tirẹ̀, iṣẹ́ á sì dé inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni o. Ọ̀rá tó ti gé ò ṣeé lẹ̀ mọ́. Sẹ́ẹ̀lì ní láti ṣe rìsẹ́pítọ̀ tuntun.

Ní 1991 ni wọ́n ṣàwárí PAR1. Thrombin, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ló ń ṣí i. PAR2 tẹ̀lé e ní 1994, trípsìn sì ni ọ̀bẹ tirẹ̀. PAR2 wà lára ìfun, ó wà nínú pánkíríásì, ó tún wà lára iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ṣé ẹ ti ń rí i báyìí? Bí trípsìn bá jí síbi tí kò yẹ, kì í ṣe ẹran ara nìkan ló ń gé. Ó ń ṣí PAR2 lára iṣan, iṣan á sì máa kéde ìrora.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìfun pẹ̀lú. Àwọn kan wà tí inú ń run lemọ́lemọ́, tí dókítà á yẹ ìfun wọn wò tí kò ní rí ọgbẹ́ kankan. IBS ni wọ́n ń pè é. Ìwádìí kan ní 2007 fi hàn pé omi tó jáde láti ara ìfun irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ. Nígbà tí wọ́n fi omi náà sínú ìfun eku, eku tètè ń jẹ̀rora. Eku tí kò ní PAR2 ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ kíláàsì yín bá ní inú ń run òun, tí àyẹ̀wò ò sì rí nǹkan kan, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ tàbí òpùrọ́.

Ẹnìkan lè ní, ṣe bí ká kúkú wá oògùn tó máa dí PAR2 pa? Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ fi ọ̀nà méjì dá pancreatitis sílẹ̀ lára eku. Ní ọ̀nà kan, PAR2 ń dáàbò bo pánkíríásì. Ní ọ̀nà kejì tí wọ́n lo èròjà òróòro, ńṣe ló ń dá kún ìpalára. Ońṣẹ́ kan náà, iṣẹ́ méjì.

Ìdí tí mo fi kọ èyí rèé. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo inú rírun ni wọ́n ń pè ní ulcer. Bí òkè ikùn bá ń dun ènìyàn gidigidi, tí ìrora náà gba ẹ̀yìn lọ, tí ó sì ń bì, ẹ má jẹ́ kó jókòó sílé máa mu àgbo. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọn á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ẹ́ńsáìmù pánkíríásì. Kí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS fiyè sí i dáadáa, torí òkúta inú àpò òróòro máa ń tètè ṣe wọ́n.

Ìdánwò kékeré: (1) Kí ló ń fa ọ̀bẹ trípsìn yọ nínú àkọ̀, níbo sì ni? (2) Kí ló dé tí PAR2 kan ò fi lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì? Ẹni tó bá dáhùn méjèèjì láìwo òkè ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí yé. Ire o.